Ẹja seabass: ẹ bá mi gbìmọ̀ kí n tó kó ọmọ ẹja

Ọlọ́mi-Tuntun kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ ọ̀sìn ẹja. Epìyà ni mo ti ń sìn láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ṣùgbọ́n èrè orí rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́, mo sì ń rò ó láti bọ́ sórí seabass, nítorí pé gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ń sọ pé ẹja olówó ni. Omi inú adágún mi kò ní iyọ̀. Ilé ìpẹyin kan ti ṣèlérí láti kó ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọmọ ẹja wá fún mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n sì ní kí n san ìdajì owó sílẹ̀. Kí ni ó yẹ kí n mọ̀ kí n tó sanwó? Ohun tí ojú yín ti rí ni mo fẹ́ gbọ́, kì í ṣe ohun tí àwọn olùpolówó ń sọ.

Bàbá Aláwọ̀n fèsì pé:

Àbúrò, fi owó yẹn sápò ná. Ohun àkọ́kọ́ tí wàá bi ilé ìpẹyin náà ni pé, seabass wo? Orúkọ yìí dà bí aṣọ ẹbí tí àwọn tí kò bá ara wọn tan jọ wọ̀. Èyí tí wọ́n ń sìn ní àwọn ilẹ̀ olóoru Éṣíà àti ní Australia ni barramundi, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Lates calcarifer. Èyí tí wọ́n ń sìn ní agbègbè òkun Mẹditaréníà, pàápàá ní Gíríìsì àti Tọ́kì, ni Dicentrarchus labrax, ìran ọ̀tọ̀ sì ni. Barramundi ń fẹ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, láàárín ìwọ̀n 26 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius; bí omi bá tutù dé nǹkan bí 20, oúnjẹ kì í wù ú mọ́. Ti Mẹditaréníà lè fara da òtútù tó sún mọ́ ìwọ̀n 5, ṣùgbọ́n omi tó bá gbóná kọjá 28 kò bá a lára mu. Barramundi lè tó ìdajì kílò láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ti Mẹditaréníà sábà máa ń lo ọdún kan ààbọ̀ sí méjì kó tó tó 400 gíráàmù. Ẹni tó bá fi ìṣirò ọ̀kan sin èkejì ti jẹ gbèsè kó tó bẹ̀rẹ̀.

Bí o bá rí seabass ti Chile lórí ìwé oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì, má kà á mọ́ wọn. Ẹja ìsàlẹ̀ òkun olótùútù ni, toothfish ni orúkọ rẹ̀ gan-an, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà kan ló sọ ọ́ lórúkọ tuntun yẹn ní 1977 kí ó lè tà. Ọgbọ́n ọjà gbáà ni.

Adágún-Méje fèsì pé:

Bàbá ti tú orúkọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi. Inú omi iyọ̀ ni barramundi ti ń yé ẹyin, ṣùgbọ́n ó lè dàgbà nínú omi iyọ̀, nínú omi odò, àti níbi tí méjèèjì ti pàdé. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé barramundi ni ilé ìpẹyin náà ń tà, adágún yín lè gbà á. Ìyípadà òjijì ni kò bá a mu. Ẹ bi wọ́n léèrè bí iyọ̀ inú omi tí ọmọ ẹja wà báyìí ṣe pọ̀ tó, kí ẹ sì ní kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó dì wọ́n sínú ọ̀rá. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni yóò máa bu omi adágún kún omi wọn fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ẹ tó tú wọn sílẹ̀. Ọ́síjìn inú omi kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju mílígíráàmù 5 nínú lítà kan, ìdájí sì ni ó máa ń kéré jù, kì í ṣe ọ̀sán tí ẹ̀yin ń dúró wò ó.

Omi adágún ní àléébù kan tí kò ní hàn títí di ọjọ́ tí oníbàárà bá fi ẹja sẹ́nu. Àwọn ohun kéékèèké tó ń hù nínú omi àti nínú ẹrẹ̀ máa ń tú èròjà kan jáde tí wọ́n ń pè ní geosmin, òun náà ló ń fa òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Òórùn náà dára nígbà tí èèyàn bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n nínú ẹran ẹja, ìtìjú ni. Òtẹ́ẹ̀lì kan dá gbogbo ìkórè mi àkọ́kọ́ padà nítorí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹja náà ń dán gbinrin lójú. Láti ìgbà náà, mo máa ń kó àwọn tí mo fẹ́ tà sínú omi mímọ́ tó ń ṣàn fún ọjọ́ mélòó kan láìfún wọn lóúnjẹ, mo sì máa ń mú ọ̀kan nínú wọn, n óò sè é láìfi iyọ̀, láìfi ata, n óò tọ́ ọ wò. Bí ẹrẹ̀ bá ṣì wà nínú rẹ̀, a ó tún dúró. Kò sí ẹ̀rọ tó yá ju ahọ́n lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá Ẹlẹ́ja fèsì pé:

Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi kò ní adágún, títà ni iṣẹ́ mi, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn ẹja tó wá bá mi pẹ̀lú ẹja tó dára, tí mo sì ní láti dá padà. Ìbéèrè ọmọ wa yìí bẹ̀rẹ̀ láti inú adágún. Ojú àwo ni ó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, kó wá máa kà á padà.

Ká ní ilé oúnjẹ méjì sọ fún un pé àwọn méjèèjì yóò máa gba kílò 50 lápapọ̀ lọ́sẹ̀, kí ẹja kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 600 gíráàmù. Ẹja 83 nìyẹn lọ́sẹ̀ kan, nǹkan bí 4,300 lọ́dún. Bí a bá gbà pé ìdá kan nínú márùn-ún yóò kú tàbí kí wọ́n jẹ ara wọn, nǹkan bí 5,400 ọmọ ẹja ni yóò rà. Ó jọ iye tí ilé ìpẹyin fẹ́ kó wá, àbí? Ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ kò ní kí a kó kílò 2,600 wá lọ́jọ́ kan. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí ó bá wọ omi lọ́jọ́ kan náà yóò sún mọ́ títà ní àkókò kan náà, oúnjẹ yóò máa wọlé sí wọn lẹ́nu lójoojúmọ́, àwọn alájàpá yóò sì mọ̀ pé ọwọ́ ti há, wọn yóò wá dá iye tó wù wọ́n lé e. Mo ń sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí òun náà ti dá irú iye bẹ́ẹ̀ rí. Bí ó bá jẹ́ pé 900 ni ó ń kó sílẹ̀ ní oṣù méjì méjì, yóò ní ẹja tó tó tà ní gbogbo ìgbà, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè fi ebi ẹja halẹ̀ mọ́ ọn.

Lọ́dọ̀ oníbàárà, nǹkan mẹ́ta ni kí ó béèrè kó sì kọ sílẹ̀: ìwọ̀n ẹja, ọjọ́ tí wọ́n ń fẹ́ ẹ, àti bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ, bóyá lóòyẹ̀, tàbí lódidi nínú yìnyín, tàbí èyí tí a ti yọ egungun rẹ̀. Ẹja tó tó 500 sí 600 gíráàmù wà fún àwo ẹnìkan. Àwọn tó fẹ́ gé e ní pẹlẹbẹ láìní egungun ń fẹ́ èyí tó tó kílò 2 tàbí 3, ìyẹn sì lè gbà tó ọdún kan ààbọ̀ sí méjì nínú omi. Kí ẹnikẹ́ni má gbàgbé pé ẹran tí a óò rí lára ẹja kílò kan lẹ́yìn tí a bá yọ orí, ìfun àti egungun kì í sábà ju ìdajì lọ. Nítorí náà ẹni tó bá ta ẹran aláìlégungun ní ìlọ́po méjì owó odidi ẹja kò tíì jèrè kọ́bọ̀, iṣẹ́ ọ̀bẹ lásán ló ṣe.

Orúkọ pẹ̀lú ń tajà. Àwọn ará Ítálì ń pe ti Mẹditaréníà ní branzino, àwọn ará Málésíà ń pe barramundi ní siakap, àwọn Bengal ní bhetki. Ẹni tó bá mọ orúkọ tí oníbàárà rẹ̀ fi mọ ẹja kò ní í ṣe àlàyé púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀kan ta èkejì o. Ẹni tó ń dáná mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ọlọ́mi-Tuntun kọ pé:

Mo dúpẹ́ gan-an, Ìyá. Ìṣirò yìí ti là mí lójú. Adágún ńlá kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣé kò ní sí wàhálà bí mo bá ń da àwọn 900 tuntun sínú rẹ̀ lé àwọn ti tẹ́lẹ̀ lórí?

Bàbá Aláwọ̀n fèsì pé:

Ha! Àbúrò, oúnjẹ lo fẹ́ kó fún àwọn ti tẹ́lẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ èyí, nítorí pé ibẹ̀ ni owó seabass ti ń jò dànù. Barramundi lè gbé ẹja ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mì tí gígùn rẹ̀ bá tó ìdá méjì nínú mẹ́ta gígùn tirẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ọmọ ẹja tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 9 lè gbé èyí tó jẹ́ 6 mì, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo kó ọmọ ẹja sínú àkámọ́ àwọ̀n, mo ń fún wọn lóúnjẹ, n kò rí òkú ẹja kankan lójú omi, inú mi sì ń dùn. Nígbà tí mo kà wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọn kò tó ìdajì. Ẹja tí àrùn pa máa ń léfòó, wàá kà á. Èyí tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ kì í fi àmì sílẹ̀.

Láti ìgbà tí ọmọ ẹja bá dé títí tí yóò fi gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15, ṣíṣà wọn ní ìwọ̀n-ìwọ̀n ni iṣẹ́ rẹ. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ni kí o máa ṣà wọ́n, kí o sì tètè máa ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n bá kéré jù. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ń pín wọn sí: àwọn ṣútà, ìyẹn àwọn tó sáré ju ẹgbẹ́ lọ, àwọn àárín, àti àwọn tó rọra ń bọ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí o ṣe é, kí oúnjẹ má tíì wọ inú wọn, kí afẹ́fẹ́ máa wọ omi tí wọ́n wà, kí o má sì jẹ́ kí wọ́n pẹ́ nínú àwọ̀n ju bó ṣe yẹ, torí ibi tí ìpẹ́ bá ti ṣí ni àrùn ń gbà wọlé. Wọ ìbọ̀wọ́. Ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja yìí mú bí abẹ. Ní gbogbo ìgbà tí o bá ń ṣà wọ́n, kà wọ́n, kọ iye náà sílẹ̀. Àwọn tó rọra ń bọ̀ yẹn, bí wọ́n bá ti ṣẹ́kù sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta, má sunkún lé wọn lórí, yọ wọ́n kúrò. Oúnjẹ tí wọn yóò jẹ kí wọ́n tó tó tà yóò ju owó wọn lọ.

Nítorí náà, adágún ńlá kan ṣoṣo kò tó. Ta àwọn àkámọ́ àwọ̀n sínú rẹ̀. Nínú omi tó ń ṣàn dáadáa, àwọn èèyàn ń fi kílò 15 sí 40 sínú kíúbíìkì mítà kan, ìdàgbàsókè kì í sì fi bẹ́ẹ̀ dínkù tí kò bá tíì ju 25 lọ. Ọ̀wọ́ 900 kan tí Ìyá Ẹlẹ́ja ṣírò, lẹ́yìn tí a bá yọ ìdá kan nínú márùn-ún tó kú, yóò jẹ́ nǹkan bí kílò 430 nígbà ìkórè. Ní kílò 20, ìyẹn kíúbíìkì mítà 22. Omi tó ń ṣàn ni mo wí o. Adágún tí omi rẹ̀ dúró sójú kan kò lè gba ìyẹn láìní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́.

Adágún-Méje fèsì pé:

Mo fara mọ́ Bàbá lórí ṣíṣà, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọ̀wọ́ mẹ́fà lọ́dún. Ìgbà mẹ́fà ni owó ọkọ̀, ìgbà mẹ́fà ni àyẹ̀wò, ìgbà mẹ́fà ni ewu pé àrùn tuntun yóò wọlé. Mẹ́ta ni mo ń kó ní tèmi, 1,800 lẹ́ẹ̀kan. Ṣíṣà tí à ń ṣà wọ́n yìí kan náà ló ń bá mi pín àkókò títà: àwọn ṣútà ni mo ń kó lọ sọ́jà lákọ̀ọ́kọ́, àwọn àárín á tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn tó kù á wá parí rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja fèsì pé:

Èyí náà dára, bí ẹja ọ̀sẹ̀ yìí àti ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá ṣáà ti jẹ́ ìwọ̀n kan náà nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹja kékeré kan láàárín ẹja ńlá mẹ́wàá lórí tábìlì kan, ìjà ni.

Ọ̀dọ́ Etí-Omi kọ pé:

Ẹ dákun, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nípa ẹja wẹ́wẹ́ tí àwọn apẹja máa ń ta ní owó pọ́ọ́kú? Òun ni mo fi ń bọ́ tèmi, ó sì dínwó púpọ̀ ju oúnjẹ oníkóró tí ilé iṣẹ́ ń ṣe lọ.

Dókítà Ẹran-Omi fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́, arákùnrin. Bí ẹ bá wo owó kílò kan, òótọ́ ni. Bí ẹ bá wo ohun tí kílò náà ń sọ ara rẹ̀ dà, ó lè yàtọ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ kílò 4 sí 8 ni barramundi ń jẹ kó tó fi kílò 1 kún ara rẹ̀. Oúnjẹ oníkóró tó dára kì í sábà ju kílò 1.6 sí 1.8 lọ. Ẹ mú kílò 2,600 tí Ìyá Ẹlẹ́ja ṣírò: oúnjẹ oníkóró tí yóò gbà, ní kílò 1.7 sí ọ̀kan, jẹ́ nǹkan bí kílò 4,400, ṣùgbọ́n bí ẹja wẹ́wẹ́ bá ń lọ ní mẹ́fà sí ọ̀kan, kílò 15,600 ni. Níbo ni ẹ fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sí kó má rà? Bí ìwọ̀n méjì wọ̀nyí bá jẹ́ ti yín, nígbà tí owó kílò oúnjẹ oníkóró kò bá tíì tó ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀ owó kílò ẹja wẹ́wẹ́, oníkóró ló dínwó jù. Kí ẹ tún fi kún un pé ẹja wẹ́wẹ́ ń ba omi jẹ́, ó sì ń gbé àrùn inú òkun wọlé.

Ọlọ́mi-Tuntun, oúnjẹ epìyà tó bá ṣẹ́kù nínú ilé ìkó-nǹkan yín, ẹ má fún seabass. Ẹja apẹran-jẹ ni, purotéènì inú oúnjẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti epìyà kò sì sún mọ́ ọn. Oúnjẹ ni owó ń bá lọ jù nínú iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń ti ara epìyà bọ̀ ti máa ń fẹ́ fi owó pamọ́.

Ní ti àìsàn, èyí tó ń kó ọmọ ẹja lọ ní wìtìwìtì ni ti fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ọpọlọ àti ojú wọn jẹ́, tí à ń pè ní VNN. Ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń yí bírí lójú omi, tí àwọ̀ wọn ṣú, tí wọn kò wá jẹun. Kò sí oògùn rẹ̀. Ó lè ti ara ìyá wọ inú ẹyin, nítorí náà láti ilé ìpẹyin ni a ti ń dènà rẹ̀: ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò PCR, èyí tó ń wá àmì fáírọ́ọ̀sì nínú ara ẹja, ti ọ̀wọ́ tí ẹ fẹ́ rà gan-an, kì í ṣe ti ọ̀wọ́ mìíràn. Èyí tó ń pa àwọn tó ti tóbi, tí ó sì ń dunni jù nítorí oúnjẹ tí wọ́n ti jẹ, ni bakitéríà Streptococcus iniae, tí í mú kí ojú ẹja yọ síta, kí ó sì ṣú bàìbàì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un. Ó lè ran èèyàn pẹ̀lú láti ojú ọgbẹ́, nítorí náà ìbọ̀wọ́ tí Bàbá sọ kì í ṣe nítorí abẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan. Bí ẹ bá lo oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, ẹ ka iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹja náà kò sì gbọdọ̀ dé ọjà kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú omi iyọ̀, afòmọ́ pẹlẹbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ awọ ẹja máa ń kú bí ẹ bá wẹ ẹja nínú omi aláìníyọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹyin rẹ̀ ń so mọ́ àwọ̀n, yóò sì tún pa, nítorí náà ìwẹ̀ kan kò tó, àwọ̀n náà sì gbọ́dọ̀ kúrò.

Ohun kan kù tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́. Bí barramundi kì í bá ṣe ẹja àbáláyé agbègbè yín, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ ẹja kí ẹ tó kó o wọlé. Ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́, Lates niloticus, ni wọ́n dà sínú adágún Victoria ní àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ irú ẹja kéékèèké tí kò sí níbòmíràn ló sì parẹ́ níbẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja fèsì pé:

Ọjọ́ ìkórè nìkan ló kù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé èèyàn lè fi ọdún kan sin ẹja dáadáa kó sì fi wákàtí méjì bà á jẹ́. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ fún ọjọ́ kan sí méjì ṣáájú, kí ìfun wọn mọ́. Kí yìnyín ti wà nílẹ̀ kí àwọ̀n tó kan omi. Inú àgbá tí yìnyín àti omi ti pò pọ̀ ni kí ẹja ti kú kíákíá, kì í ṣe orí koríko nínú oòrùn, níbi tí yóò ti máa fò sókè tí ẹran rẹ̀ yóò sì rọ̀. Lẹ́yìn náà, kó wọn sínú àpótí tí kì í jẹ́ kí ooru wọlé, yìnyín kílò kan sí ẹja kílò kan ó kéré tán, kí ihò wà nísàlẹ̀ tí omi yóò máa gbà jáde. Ẹja tó bá ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi yìnyín tó ti yọ́ yóò dé ọ̀dọ̀ mi ní funfun bí aṣọ àfọ̀sá. Kọ ọjọ́ ìkórè sára àpótí. Mo máa ń ṣí ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ẹ̀yà tí ó fi ń mí bá pupa dáadáa, tí ojú rẹ̀ sì mọ́ gaara, n kò ní dúnàádúrà púpọ̀.

Àwìn ńkọ́? Fún oníbàárà tuntun, owó lọ́wọ́ ni ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹni tó bá sọ pé òun yóò san án lópin oṣù kó tó tọ́ ẹja yín wò, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ọlọ́mi-Tuntun kọ pé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo pe ilé ìpẹyin náà lónìí. Mo bi wọ́n pé seabass wo ni, wọ́n ní seabass ni seabass. Mo béèrè èsì àyẹ̀wò, wọ́n ní ẹja àwọn kì í ṣàìsàn. N kò san owó náà. Mo ti lọ sí ilé oúnjẹ mẹ́ta: méjì ń fẹ́ odidi ẹja tó jẹ́ 600 gíráàmù, ìkẹta ń fẹ́ ẹ lóòyẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, wọn yóò sì sanwó ju àwọn yòókù lọ. Ṣé kí n gba ti ẹ̀kẹta yìí?

Bàbá Aláwọ̀n fèsì pé:

Gbà á, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ wo àgbá gíláàsì tí wọn yóò fi ẹja sí. Bí omi ibẹ̀ bá ní iyọ̀ tí tìrẹ kò sì ní, wàá ní láti fi iyọ̀ kọ́ ẹja lára díẹ̀díẹ̀ kó tó gbéra, kí wọ́n má bàa máa sọ pé ẹja rẹ kì í pẹ́ kú. Jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú wọn pé ẹja tó bá kú lẹ́yìn tí ó ti lo òru kan lọ́dọ̀ wọn, tiwọn ni.